Ìkòkò Òdòdó Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Ògiri Wa

Erdal ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Izmir, ìwọ àti ìyàwó àti àwọn ọmọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbàgbé ọ̀nà ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Iléyá méjì ti kọjá tí a ò fojú kàn ọ́. Ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, orúnkún mi ṣì ń dùn mí, igi ólífì bàbá rẹ sì so gan-an lọ́dún yìí.

Ìkòkò òdòdó tí o fi ránṣẹ́ dé láìfọ́, o ṣeun. O ní agolo òróró tí mo fi ń gbin efinrin sórí ògiri iwájú ilé ń kó ìtìjú bá ilé. Mo ti kó wọn lọ sọ́dọ̀ adìẹ lẹ́yìnkùlé, àwọn adìẹ ò ṣàròyé.

Mo to ìkòkò rẹ sórí ògiri, mo gbin òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tí o kó mọ́ ọn sínú wọn. Mi ò ní parọ́, ó rẹwà. Nígbà tí o ní kí n ya fọ́tò, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ọdún, mo dúró síwájú ògiri kí Gülizar aládùúgbò wa yà mí. Lo bá pè pé kí n yẹra níbẹ̀, ògiri nìkan lo fẹ́ rí. Mo sọ fún Gülizar pé àárò ògiri mà ń sọ ọmọ mi o.

Ìwọ tí a bí síbí, o gbàgbé pé bí òdòdó pupa bá wà níwájú ilé, ọmọge ló wà nílé, bó bá jẹ́ ìyeyè, aláìsàn ni, kí ẹni tó ń kọjá rọra sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí àdúgbò fi pa rọ́rọ́. Lèmọ́mù wá ṣàdúà. Gülizar tó yà mí ní fọ́tò gan-an gbé ọbẹ̀ wá, ó ní òun ti ń fura sí ojú mi tẹ́lẹ̀. Mo ní ara mi yá, wọ́n ní bí aláìsàn tí kò fẹ́ da ọmọ rẹ̀ láàmú ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo bá jókòó, mo mu ọbẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, obìnrin kan wa mọ́tò dé láti Izmir. Fọ́tò ògiri wa wà nínú fóònù rẹ̀, iye owó sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ní ilé tí Erdal fẹ́ tà lòun wá wò. Mo ní kó gbé fóònù náà lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, torí ilé tí ìyá èèyàn ṣì ń sùn sí kì í níye owó. Kò gbà. Gülizar bá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi í bóyá kò rí òdòdó ìyeyè ni, pé aláìsàn ló wà nílé. Obìnrin náà ní irú àìsàn wo ni. Gülizar ní kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ikọ́ ti gbé mi. Kí n tó nu ẹnu, mọ́tò rẹ̀ ti yí padà.

Erdal, ó dùn mí. Inú yàrá tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí ni mo bí ọ sí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Òdòdó ìyeyè yìí ò tó, mo fẹ́ gbìn ín yí ilé ká.

Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ. Bí o ṣe ṣe mí yìí gẹ́lẹ́ làwọn ọmọ rẹ yóò ṣe ọ́. Ṣe àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Döndü