Orúkọ Tí O Sọ Kọ̀ǹpútà Raudah

Agboolé wa,
Gàmbàrí, Ìlọrin.

Mansur ọmọ mi,

Assalamu alaikum. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé Èkó ò fìyà jẹ ọ́, ṣé o ń jẹun kí o tó jáde? Kí Ọlọ́hun má fi ọ́ lé ọ̀tá lọ́wọ́, kí Ó sì jẹ́ kí fóònù rẹ máa dún sí ọ létí. Èmi ti bá ọ ṣe àmín, torí mi ò mọ̀ bóyá o ṣì ń ṣe é.

Ara wa yá, bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí o fún Raudah àbúrò rẹ nìkan ló fẹ́ pa wá. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ló ní kí ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kí Jímọ̀ tó dé, pé tó bá dáa àwọn á gbà á wọlé kó wá kọ́ṣẹ́. Èdè kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe é ń jẹ́ Python, orúkọ ejò, mo sì ṣe bísímílà. Fèrèsé dúdú kan ló máa ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà náà, á tẹ ọ̀rọ̀ sí i, èdè náà á sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣí i báyìí, ìkìlọ̀ ló kọ́kọ́ yọ, pé fèrèsé náà ò kún ojú òṣùwọ̀n. Tó bá tẹ bọ́tìnnì pé kí ohun tó kọ lẹ́ẹ̀kan padà wá, ^[[A ni yóò pọ̀ jáde. Mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n pè tí kò jẹ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, ó dájú pé ọwọ́ Mansur ló ti dàgbà.

A pè ọ́ títí. Nígbà tó yá obìnrin kan gbé e, mo ní kó fún mi ní Mansur, ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, pé Manny ló ni fóònù. Mo tọrọ àforíjì, mo rò pé mo ti pe ilé onílé.

Raudah wá ìdí ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní fèrèsé gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún èdè náà, kí èdè lè mọ ohun tí fèrèsé lè ṣe, àti pé orúkọ tí ìwọ fi síbẹ̀ ni “dumb”. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀: odi! Mansur, ta ní ń sọ nǹkan lórúkọ bẹ́ẹ̀? Ó ní òun á kàn pa á dà sí xterm, orúkọ fèrèsé tó lè sọ̀rọ̀. Mo ní kò sí ohun tó ń jẹ́ kàn, nínú ilé yìí a kì í pa orúkọ dà láì pe Alfa.

Alfa Abdulfattah dé. Ó ní òun ò rí xterm láàrin orúkọ àwọn ẹni ire tí òun mọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju odi lọ. Ó ní kọ̀ǹpútà ò ní àkíkà, ẹran ìsọmọlórúkọ, kí n má pa àgbò, kí n ṣáà ṣe sàárà. Mo dín mọ́sà. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi kú ọwọ́ lómi, Ìyá Munirah ń bèèrè bóyá akọ ni àbí abo. Lẹ́yìn àdúà, Raudah tẹ orúkọ tuntun náà, ó ṣí Python, ìkìlọ̀ ò yọ mọ́, ó pe ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó sì jẹ́ ẹ! Raudah ní àdúà kọ́, orúkọ ni. Mo ní kí ló yàtọ̀.

Ilé iṣẹ́ náà ti gbà á o. Ọjọ́ Àtìní tó ń bọ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti òróró mọ́sà lé e, ìwọ lo kúkú sọ ọ́ ní odi. Mansur ló máa bèèrè lẹ́nu géètì yín, kò mọ Manny kankan. Sọ fún maigádì lónìí kó há orúkọ náà sórí. Bó bá ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Alfa ní òun ráyè wá sí Èkó, àgbò sì nìyẹn o, torí ìwọ ní àkíkà.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí orúkọ tí àwa sọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàlímọ̀tù.