Ojúmìító Tí Kì Í Kágò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Bó bá bù mọ́ ọn, màá mọ̀: àbúrò rẹ̀ ni yóò kà á sí mi létí. — Àkọ́bí mi kan kámẹ́rà mọ́ ògiri pálọ̀ mi lónìí, torí pé mo ṣubú lóṣù tó kọjá. Ó ní bí n kò bá gbà, kí n palẹ̀ mọ́, kí n máa bọ̀ nílé òun. Ilé tí wọ́n ti ń yọ́ rìn bí ilé ìwòsàn. Mo gbà. Mo sọ nǹkan náà ní Ojúmìító.
Balùwẹ̀ ni mo ti ṣubú o. Pálọ̀ ló kàn án sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Ògiri sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn àkọ́bí mi. "Màmá, ẹ ò tíì lo oògùn yín." Ìró nìkan ló wà lára mi. Mo ní bàbá ẹ gan-an, kó tó kú, kì í wọlé tọ̀ mí láìkágò. Ó ní ààbò mi lòun ń wá. Mo ní ààbò wo ló ń wo ìhòòhò ìyá ẹ̀?

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Mo fi gèlè bo Ojúmìító. N kò tíì ta kókó tán tí fóònù fi dún. Àkọ́bí ni; ó ní kí n tú u, mo tú u.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí kí mi lójú títì: "Màmá, ẹ kú ìjà eku àná." Inú pálọ̀ mi ni mo ti lé eku, èmi nìkan, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Àṣé ọmọ mi obìnrin, èyí onídìrí, náà ń wò mí lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi mí ṣe fíìmù. Àwọn kan tiẹ̀ ń gbè sẹ́yìn eku.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo pe àwọn méjèèjì jókòó; ìyàwó àkọ́bí bá a wá. Onídìrí ń bẹ̀bẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí ní ẹni tí kò ṣe nǹkan burúkú kì í sá fún ojú. Mo ní ó dáa, kó kan ọ̀kan mọ́ pálọ̀ tiẹ̀, kí n máa wo òun náà. Ó ní, "Màmá, ilé mi mà ni." Mo ní èmi ń gbé ilé adìyẹ, àbí? Ìyàwó rẹ̀ ti dìde, ó ń wá ìṣó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Ìyàwó àkọ́bí ti kan kámẹ́rà mọ́ pálọ̀ wọn. Mo rí ọkọ rẹ̀ lórí fóònù ọmọ-ọmọ mi. Ó dúró ti fíríìjì tó wà ní pálọ̀, ó ń yọ ẹran inú ìkòkò jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan — ẹran tí dókítà ní kó jìnnà sí. Mo tẹ ibi tí wọ́n fi hàn mí pé a ti ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Dá ẹran yẹn padà." Ìdérí ìkòkò já bọ́. Ìyàwó rẹ̀ yọ lẹ́yìn.
N kò wo ìyókù. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Àkọ́bí dé láàárọ̀ pẹ̀lú àkàbà tí yóò fi tú Ojúmìító, àti irin ìdìmú tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri balùwẹ̀. Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò wọlé.
"Àgò o, Màmá."
Mo kọ́kọ́ lo oògùn mi. Mo ró ìró mi dáadáa. Ẹ̀yìn náà ni mo ní, "Àgò yà."