Òkúta Dúdú Tí Ẹ Ń Kó Dànù

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú eruku, ẹ kú àárò wa. Màmá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí ẹ bá wà, bóyá nídìí ààrò, bóyá lọ́nà oko. Ẹ̀yin ará Ayétòrò tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ Wásáàpù ọmọ ìlú yìí, mo kí yín. Bàbá mi kì í ka nǹkan lórí fóònù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, kó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ọlọ, kó kà á sókè. Ìṣojú ọ̀pọ̀ yín ni mo ti purọ́ fún wọn, ìṣojú yín náà ni mo fẹ́ ti jẹ́wọ́.

Ara mi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Yìnyín ti bo gbogbo ọ̀nà ní Kánádà níbí, kò síbi tí mo fẹ́ lọ, síbẹ̀ mi ò lè jókòó. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Lánàá mo ro ẹ̀bà, mo gbàgbé láti jẹ ẹ́. Ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé bi mí bóyá mo sọ nǹkan nù. Mo ní rárá. Irọ́ tún ni.

Bàbá, ẹ bi mí rí pé kí ni wọ́n ń kọ́ nípa òkúta tó ju ká gbẹ́ ẹ, ká tà á lọ. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó yá, ẹ gbọ́. Àpáta ẹ̀yìn oko wa yẹn, òkúta yíyọ́ ni nígbà láéláé, ó gbóná ju iná alágbẹ̀dẹ lọ, ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò rí òde rárá kó tó dì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tutù bí ẹ̀kọ inú ìkòkò ńlá, tí oríṣiríṣi wóró ń dì nínú rẹ̀, kí àgbàrá ayébáyé tó wá fọ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ tí àwa fi ń rí i. Wóró dúdú tó ń dán lára rẹ̀ ni à ń pè ní áńfíbọ́ọ̀lù. Kì í dì àfi bí omi bá wà nínú òkúta yíyọ́ náà. Bí ibi tó ti dì bá ṣe jìn sí ni yóò ṣe fa alumíníọ̀mù mọ́ra sí, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò. A ó gé òkúta náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi gbà á kọjá, a ó wá wọn ohun tó wà láàárín wóró náà àti létí rẹ̀. Àárín ló kọ́kọ́ dì, etí ló dì kẹ́yìn. Ibẹ̀ la ti ń mọ bó ṣe jìn tó, bó ṣe gbóná tó, nígbà tó ń di òkúta.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fọ́ òkúta fún mi níbi mẹ́rin lára àpáta yẹn. Mi ò ṣàlàyé. Ta ló ń ṣàlàyé òkúta fún yín? Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, gbé àpò náà dé, mo tú u: òkúta funfun, òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú, ó mọ́ tónítóní. Mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Wóró dúdú kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Èmi ọmọ agbẹ́ ọlọ, èmi ni mo gbàgbé. Àwọn obìnrin tó ń ti Ìlaròó, Ìgbógilà àti Ẹ̀gùá wá ra ọlọ lọ́dọ̀ yín, ta ni kò mọ̀ pé ẹ kì í ta òkúta tó ní dúdú lára? Ẹ máa ń ní dúdú yẹn kì í pẹ́ ṣí, á dá ihò sílẹ̀, èyí tó bá ṣí á sì bá ata wọ ẹnu èèyàn. Ẹ ti ṣà á kúrò. Ẹ ò jẹ́ fi òkúta alábùkù ránṣẹ́ sílùú òyìnbó.

Nígbà tí ẹ pè mí, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn tó yí yín ká máa gbọ́ ohùn mi. Ẹ bi mí pé àwọn òkúta yẹn ńkọ́. Mo ní wọ́n dára, mo ní ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní yunifásítì ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Háà! Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé yín. Kí ni mo tún fẹ́ wí lẹ́yìn ìyẹn?

Ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, bi mí léèrè wóró dúdú títí ó fi sú u. Lọ́jọ́ Ajé mo sọ òótọ́ fún un. Ó ní bí òkúta tó ní dúdú kò bá dé kí oṣù yìí tó parí, òkúta ilẹ̀ tiwọn ni òun máa fún mi, kí n fi tilé sílẹ̀. Òkúta tiwọn dára, ìwé tí wọ́n ti kọ lórí rẹ̀ kò lóǹkà. Àmọ́ tiwa ni mo torí ẹ̀ wá. Bí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, mo mọ ara mi, mi ò ní padà sí i mọ́.

Mi ò lè ní kí ẹ tún gun àpáta. Láti ìgbà tí orúnkún yín ti wú lẹ́yìn èyí tí ẹ fọ́ fún mi ni Màmá ti gbé òòlù ńlá pamọ́. Bí ẹlòmíì bá sì fọ́ ọ, èyí tí oòrùn àti òjò ti jẹ lára ló máa rí fọ́, ìyẹn ò sì ṣeé wọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo rántí òkìtì ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹ máa ń ju èyí tí ẹ bá ṣà kúrò sí. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè.

Lánàá mo pè láti bẹ̀ yín. Kí n tó lanu, Màmá ní ẹ ti ń kó òkìtì yẹn dà sínú kòtò tí àgbàrá gbẹ́ síwájú ilé. Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti yin òkúta yín ni ẹ ti ń sọ pé òkúta burúkú ò gbọdọ̀ sí nílé baba ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òkúta. Ẹ wọlé dé, ẹ gba fóònù, ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ ní ó ku agbọ̀n díẹ̀. Èmi wá ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́! Ṣé orí mi pé báyìí?

Bàbá mi, ẹ dáwọ́ dúró. Òkúta burúkú yẹn ni mo ń wá. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé tún ń ti ilé bọ̀ wá síbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí agbọ̀n kan bá kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan èyí tí dúdú rẹ̀ pọ̀ jù, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti fọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún Màmá kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì ti tán, ẹ má torí mi sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò yẹn, ẹ má sì bá ara yín wí. Agbọ̀n yín kọ́ ló dà á síbẹ̀. Ẹnu mi ni.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ. Ara yín ò ní kọ iṣẹ́. Mo kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ọmọ yín, tó ń dúró de èsì,
Àbẹ̀kẹ́