Ṣọ́nà Inú Páìpù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń rí oorun sùn? Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa wà níhìn-ín, kò sẹ́ni tó ṣàárẹ̀, ilé ìdáná mi nìkan ni wọ́n fẹ́ pa.

Lánàá tí o pè, pè, pè, tí n kò gbé e, má rò pé mo ń bá ọ yan odì o. Inú páìpù ni fóònù mi wà. Fara balẹ̀ kí n rò fún ọ.

Omi ìdọ̀tí ò lọ mọ́ nínú páìpù tó gba abẹ́ ilé wa. Àbúrò bàbá rẹ bá dìde, ó ní abẹ́ ilé ìdáná mi ló ti dí, pé tí oníṣẹ́ páìpù bá dé lọ́jọ́ Sátidé, kó fọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ yányán. Ilẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi rẹ́! Mo ní lójú ta? Ó ní lójú òun. Mo ní a ó jọ rí i.

Ìgbà yẹn ni mo rántí iṣẹ́ rẹ. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ sọ pé ṣọ́nà lẹ ń lò nínú páìpù níléeṣẹ́ yín, mo sunkún. Mo ní ṣé kí ọmọ mi lè di ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà nínú páìpù ni mo ṣe rán an níléèwé? O wá ní ohùn lẹ máa ń rán wọlé, tó bá ti kan nǹkan, á padà wá jíṣẹ́. Lánàá, èmi náà tẹnu bọ páìpù, mo ní ta ló dí ọ̀nà? Ó ní ọ̀nà. Mo ní ìwọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí, ṣé èmi lò ń sín jẹ? Ó ní jẹ.

Mo rí i pé ohùn tèmi ti gbó. Ohùn wo ló wá ju ti fóònù lọ? Mo fi ọ̀rá wé e, mo so okùn mọ́ ọn, mo tì í wọlé láti ilé ìdáná. Ó ń yọ̀ lọ geerege, okùn já. Àfi bí o ṣe pè! Ọmọ mi, kì í ṣe abẹ́ ilé ìdáná ló ti dún o. Abẹ́ pálọ̀ àbúrò bàbá rẹ ni, lábẹ́ táìsì tuntun tó fi tẹ́ ilẹ̀, tí kì í jẹ́ ká fi bàtà tẹ̀. Ó fò sókè, ó ní ta ló ń pe òun láti ìsàlẹ̀, òun ò tíì ṣe tán!

Mo ní ṣọ́nà ọmọ mi ni. Ó kọjá ilé ìdáná láìkọsẹ̀, ibi tí ọ̀nà ti dí ló dúró sí. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fọ́ táìsì òun nítorí fóònù. Láti ìgbà náà ló ti tẹ́ ẹní lé ibẹ̀, tó sì yí rédíò sókè kí ohùn má bàa jáde.

Dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá, má jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo. Fi owó fóònù mìíràn rán an, kí o fi ti okùn kún un, mo yá a ni. Tí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, máa pè kí oníṣẹ́ páìpù lè gbọ́ ibi tó ti ń dún, má dáwọ́ dúró. Bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni màá jókòó sí, n ò ní dìde fún ẹnikẹ́ni. Ti rédíò yẹn, fi í sílẹ̀ fún mi.

Ohùn rẹ ò ní há. Ibi tí o bá rán an dé, á jíṣẹ́, á sì mú ire bọ̀.

Èmi ìyá rẹ ni. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù náà nígbà tí o bá ń pè, má kí i o. Èmi kọ́.