Mo Kun Ìyá Rẹ Bí Ẹni Kun Ògiri

Yàrá iwájú, ilé wa,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí bàbá máa ń bù fún ọmọ nígbà tí bàbá bá mọ̀ pé òun ti jẹ̀bi. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú nígbà tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ti fi ọ́ sílẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rí àìsàn níbi tí o wà. Àwa náà wà níhìn-ín. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ti ń jẹun, ó sì ti ń bá mi jà bó ṣe máa ń ṣe. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ má baà já kí o tó kà á débi tí ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́tà tí mo kọ sí ọ lóṣù tó kọjá, jọ̀wọ́, fi dáná. Nínú rẹ̀ ni mo ti sọ pé o ní kí ìyá rẹ fi òróró ìdáná para kó lọ yan ara rẹ̀ lóòrùn. Mo tún pa á lówe fún ọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe náà dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo ń kọ ọ́, mo tiẹ̀ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ lo jàre, àkísà mi ló ba nǹkan jẹ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, láti ìpìlẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn lo ti máa gbọ́ ọ.

O rántí ohun tí dókítà awọ sọ. Ó ní ara ìyá rẹ ló ń bá ara rẹ̀ jà, pé oòrùn ló sì máa ń kọ́kọ́ dá ìjà náà sílẹ̀: ara á sú, oríkèé á wú. Ó ní kí ó máa wọ aṣọ tó bo ara bó bá ṣeé ṣe, kí ó sì máa fi ìpara tó ń dènà oòrùn pa ibi gbogbo tí aṣọ kò bá bò. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó gbé ọgbà òdòdó rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọdún méjìlélógún ni ìyá rẹ ti ń gbin òdòdó tà nínú ọgbà yẹn. Odidi oṣù mẹ́ta ló fi jókòó sójú fèrèsé tó ń ká kọ́tìnnì sókè, tó ń wo àwọn ohun ọ̀gbìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rọ. Èmi ni mo ń bomi rin wọ́n kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní mò ń bomi rin wọ́n bí ẹni ń ṣan búrọ́ọ̀ṣì.

Ìpara tí wọ́n kọ́kọ́ fún un nílé ìwòsàn kò bá a lára mu. Funfun ni, ó sì ń jókòó lórí awọ bí eérú. Ìyá rẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wo dígí, ó ní òun ò ní jáde sójú oníbàárà bí ògiri tí ọlọ́dà kun lẹ́ẹ̀kan tó sì sá lọ. Mo ní kí ló kan òdòdó pẹ̀lú àwọ̀ ẹni tó ń tà á. Ó ní ohun tó bá ṣú dùdù, tó rẹwà, ta ni kò mọ̀ ọ́n, kí wá ló dé tí òun fi máa sọ ọ́ di eérú. Bó ṣe jókòó padà sójú fèrèsé nìyẹn. Ìgbà náà ni o kọ̀wé pé àwọn ìpara kan wà tí kì í fi funfun sílẹ̀, tí wọ́n tilẹ̀ ń mú ara dán, o sì kọ orúkọ ọ̀kan ránṣẹ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kun ilé. Mi ò ní ìgbàgbọ́ kankan nínú ohun tó bá ń dán. Onílé tí ògiri rẹ̀ rí gbágungbàgun ló máa ń ní kí a fi ọ̀dà dídán bò ó, kò sì mọ̀ pé dídán yẹn gan-an ló máa pe ojú ayé wá síbi gbogbo ọgbẹ́ ibẹ̀. Ojú kan náà ni mo fi ń wo àwọn tó ń fi ara dán kiri àdúgbò nígbà ooru. Ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́, òógùn á mú un dán láì ra nǹkan kan. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi húkọ́. Mo bi ìyá rẹ bóyá a fẹ́ gbé e kọ́ sójú pópó kó máa tànmọ́lẹ̀ fún mọ́tò ni. Ó kàn na lẹ́tà náà sí mi, ó fi ìka sórí orúkọ ìpara náà.

Ilé ìtajà tí mo lọ, dígí ló yí i ká tọ̀tún tòsì, kí èèyàn má baà ríbi sá fún ojú ara rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀ wọlé, ọ̀dà wà nínú irùngbọ̀n mi. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ń dán láti iwájú orí dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Àtùpà nínú ọkàn mi, orúkọ náà ni n ó sì fi máa pè é. Àtùpà to ìgò mẹ́rìnlá síwájú mi. Ọ̀kan ní lẹ́búlẹ́bú wúrà nínú, bí ẹni pé wọ́n gbá ìdí ẹ̀rọ alágbẹ̀dẹ kó sínú òróró. Ọ̀kan ń ta sánsán bí àgbọn, òmíràn bí súìtì ọmọdé. Mo wo gbogbo wọn, mo wo àwọn tó tò sẹ́yìn mi láti rà wọ́n, àánú aráyé ṣe mí.

Mo bi í èwo nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́. Ó ní ti oníwúrà yẹn, ẹwà lásán ni, kò dènà oòrùn kankan. Ó ní nọ́ńbà ara ìgò ni kí n máa wò, kó má dín ní àádọ́ta, kí n sì rí i pé kì í tètè bá òógùn lọ. Lẹ́yìn náà ló gbé èyí tí o kọ orúkọ rẹ̀ jáde, ó fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi, kò sì fi eérú sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni gbogbo ohun tó sọ. Inú bí mi pé ẹnu irú ẹ̀ ló ti jáde.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta ọ̀dà fún mi: ìgò kan, báwo ni ibi tó máa kùn ṣe fẹ̀ tó? Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Àtùpà ò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka méjì jáde, ó ní, “Bàbá, ẹ fà á kó kún gígùn ìka méjì yìí, apá kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ tún un pa ní wákàtí méjì méjì. Tí màmá bá ń lò ó dáadáa, ìgò kan ò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.” Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Oníṣòwò wo ló máa sọ fún oníbàárà pé díẹ̀ ló tó? Mo gba ìgò mi, mo ní nínú ara mi pé wọ́n ti kọ́ ọmọ yìí ní olè jíjà.

O mọ̀ pé ọlọ́dà kì í gbé ọ̀dà tuntun lé ògiri olówó rẹ̀ láì kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré kan tí oòrùn ń dé. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo fi tépù pín apá òsì mi sí onígun mẹ́rin, mẹ́rin ni mo ṣe, mo sì ń pa ìpara náà sí wọn láràárọ̀ kí n tó gun àkàbà. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa ń tẹ ìgò lé lórí, òun ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù. Àwọn mẹ́ta yòókù, mo ń fà á lórí wọn kó tínrín bí iṣẹ́ gidi ṣe yẹ kó rí. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo ṣí tépù, mo sọ fún ìyá rẹ pé ó ṣeé lò. Ohun tí mo rí lábẹ́ tépù, n ó padà sórí rẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Mo ní ọ̀dà tó bá nípọn, ṣíṣàn ló máa kọ́kọ́ ṣàn, lẹ́yìn náà ló máa sán. Mo kán an sí èjìká rẹ̀, kò ju ẹ̀wà kan lọ, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ fà á dé ọrùn ọwọ́. Ìyá rẹ ka ìwé tó wà nínú páálí, ó ní wọ́n ní kó pọ̀. Mo ní àwọn tó kọ ọ́ náà ni wọ́n ń tà á. Ó rò ó díẹ̀, ó sì gbà. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń gbà mí gbọ́ lórí ohunkóhun tí a bá ń fi ọwọ́ kùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kùtùkùtù nìkan ló ń lọ sínú ọgbà, kò sì sí nǹkan kan. Ṣe ni kí o rí i bó ṣe ń bá àwọn òdòdó rẹ̀ wí, tó ń bi wọ́n ta ló kọ́ wọn ní ìwà ọ̀lẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni tó fẹ́ gbin òdòdó yí ilé ìwé kan ká wá, wọ́n sì jọ ń yan ohun ọ̀gbìn títí oòrùn fi kan àtàrí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, apá rẹ̀ méjèèjì ti sú, ọrùn rẹ̀ gbóná. Ní ọjọ́ kejì, kò lè di ṣíbí mú. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wà lórí ibùsùn. Ní ọjọ́ kẹta nínú ọjọ́ mọ́kànlá yẹn ni mo jókòó kọ lẹ́tà àkísà yẹn sí ọ.

Nígbà tí ara rẹ̀ gbà á, a lọ rí dókítà. Mo gbé ìgò náà dání bí ẹni mú ọ̀daràn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Dókítà ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà, ó ní ìpara tó dára ni. Ó bi mí ọjọ́ wo la ti ṣí i. Mo fọ́nnu. Mo ní ó ti lé ní oṣù kan, pé nítorí ọwọ́ mi mọ iṣẹ́, kò tíì dé ìdajì. Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ìpara yìí ò tíì kan màmá lára.” Ìyá rẹ ń wo ilẹ̀. Gbogbo ohun tí Àtùpà sọ fún mi ni dókítà tún sọ, ìka méjì, wákàtí méjì, ọ̀sẹ̀ kan, kò yọ ọ̀kan. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, mo sì ti da ọgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ nù nítorí pé ojú rẹ̀ ń dán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí jù. Mo ní n ó padà sórí ọ̀rọ̀ tépù. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kẹwàá, àwọn onígun mẹ́rin mẹ́ta tí mo fà á tínrín lórí wọn ti ṣú bákan náà pẹ̀lú apá mi yòókù tí mi ò pa nǹkan kan sí. Èyí tó nípọn nìkan ló dúró bó ṣe wà. Mo rí i, ọmọ mi. Mo dúró lórí àkàbà, mo wò ó dáadáa, mo sì sọ fún ara mi pé tépù ló ṣe é. Mo ti bú Àtùpà, mo ti fi ìwọ ṣẹ̀sín, mi ò wá lè jẹ́ kí àmì kékeré kan lápá mi sọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Gbogbo àwọn onílé tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yìí wá, kò sí èyí tó gọ̀ tó mi nínú wọn. Láti ọjọ́ tí apá ìyá rẹ ti sú, ẹ̀wù alápá gígùn ni mò ń wọ̀ nínú ooru yìí.

Láàárọ̀ àná, ìyá rẹ gbé àpótí síwájú fèrèsé, ó jókòó, ó ní kí n wá bá òun pa ibi tí ọwọ́ òun ò dé. Mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi sì tún fẹ́ máa ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ẹ má fà á. Ẹ dà á.” Bí mo ṣe ń dà á, apá ẹ̀wù mi ń kó sínú rẹ̀, ló bá di ọwọ́ òsì mi mú, ó ká a sókè. Ó rí wọn. Ó fi ìka kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta tó ṣú, ó sì dúró lórí èyí tí kò ṣú. Ó bi mí, “Ìgbà wo lẹ rí i?” Mo ní, “Kí o tó jáde rárá.”

Mo ń gbọ́ omi tó ń kán nínú ọgbà. Lẹ́yìn náà ó tẹ ìgò náà, ìpara kún àtẹ́lẹwọ́ mi títí ó fi ń ṣàn sí ọrùn ọwọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sọ aṣọ rẹ̀ kalẹ̀ kúrò ní èjìká, ó ní, “Ẹ̀yìn ló kù. Ẹ ṣe é dáadáa.”

Ọmọ mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o gọ̀ bí èmi kí o tó gbọ́n. Kí ojú rẹ máa rí òótọ́ kí ẹnu rẹ tó bú u. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ohun tí yóò pa ẹni tí o fẹ́ràn lára. Wàá gbó, wàá tọ́, wàá sì rí ẹni tí yóò máa sọ fún ọ bó o bá ṣìṣe. Dárí jì mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlọ́dà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun èèyàn.

Mo tún rántí: Ilé ìtajà yẹn ti tà á tán, torí náà bá wa fi ìgò méjì ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ. Èyí tó ń dán ni o. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Àtùpà, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, pé ìka mélòó ni fún apá kan. Mo na méjì. Ìyá rẹ wà nínú ọgbà bí mo ṣe ń parí lẹ́tà yìí, ó wọ fìlà mi tó gbòòrò, ọrùn rẹ̀ ń dán. Mi ò rí ọgbẹ́ kankan níbẹ̀.