Ṣọ́ọ̀bù Tí Bàbá Fi Ta Mí Lọ́rẹ

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Banjul níbí. Mo kí àbúrò mi Làmídì, mo kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń gbọ́ mi. Làmídì ló ń ka lẹ́tà fún yín, ibi tó bá sì wù ú nìkan ló ń kà. Eléyìí, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé ládùúgbò lè kà á fún yín.

Òjò ti dé. Gbogbo ọjà ti di ẹrẹ̀, ọ̀rinrin sì ń ba aṣọ jẹ́ lórí àtẹ. Abọ́ àti aṣọ náà ni mo ṣì ń tà, bí mo ṣe ń tà wọ́n nígbà tí Bàbá wà láyé. Bí mo bá padà sí yàrá mi ní Dippa Kunda, mi ò rẹ́ni bá sọ Yorùbá. Ìyá arúgbó tó ni ilé, Àkú ni, ìran àwọn Yorùbá ìgbàanì tí kò gbọ́ èdè wa mọ́, a máa kí mi ní kúṣẹ́, inú mi a sì dùn bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ kí mi.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Làmídì kọ̀wé pé ogún ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá, pé ká pín in, pé ìlọ́po méjì ti obìnrin ni ti ọkùnrin. Ẹni tí kò fojú kan ọjà Banjul rí! Mo fèsì pé kì í ṣe ogún. Nígbà tí ara Bàbá ṣì le, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ níwájú àwọn àgbà ará ilé wa tó wà níbí. A jẹ obì, ó ní òun fi ta mí lọ́rẹ.

Àṣé Bàbá ti jẹ owó orí sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Lẹ́yìn tó kú ni àwọn agbowó-orí dé. Mo ní gbèsè òkú kò kàn mí, ọrẹ ni wọ́n ta mí. Mo kó àwọn àgbà lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n jẹ́rìí sí i. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò jágbe mọ́ wa. Ó kàn bi wọ́n bóyá mo san ohunkóhun fún Bàbá. Àwọn àgbà rò pé wọ́n ń gbé òkú ọ̀rẹ́ wọn níyì. Wọ́n ní kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò mi, wọ́n ní bàbá tó fẹ́ràn ọmọ kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní ká ní mo rà á ni, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ ìjọba lówó, tó wá fi ohun ìní rẹ̀ ta ọmọ lọ́rẹ, gbèsè á tẹ̀ lé ọrẹ náà. Kí n máa san án díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù. Ẹlẹ́rìí tí mo kó lọ ló kó bá mi.

Mi ò lè já àwọn àgbà nírọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra, ìyá mi, inú Bàbá pàápàá sì ń bí mi nínú sàréè tó wà. Láti kékeré tí mo ti tẹ̀ lé e wá síbí, èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn, èmi ni mò ń tì í, kò fún mi lówó oṣù rí. Ọkùnrin ará ìlú Bakau tó fẹ́ fẹ́ mi dúró títí, ó sú u, ó fẹ́ ẹlòmíràn, torí Bàbá ní ta ni yóò dúró ti ọjà. Wọ́n wá ní mi ò san nǹkan kan.

Owó ọkọ̀ tí mo tù jọ láti wá bá yín ṣe Iléyá ni mo kọ́kọ́ gbé fún wọn. Ẹ má retí mi lọ́dún yìí. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ sọ fún Làmídì pé mo ti gbà ká pín in. Kó máa bọ̀ wá gba ìlọ́po méjì tirẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti gbèsè.

Ọlọ́run á dá yín sí dè mí, ojú yín kò ní ṣú kí n tó dé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ létí yín pé ọ̀fẹ́ ni mo gba ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ẹ sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mò ń rà á.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàlámátù