Mo Gun Kẹ̀kẹ́ Kọjá Adágún Lọ Sílé Fedosya

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Èmi Ulyana ni mò ń sọ̀rọ̀. Tasya, ọmọ ọmọ mi, ló ń kọ ọ́, torí èmi ò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un: bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́.
Adágún ṣì dì, yìnyín bò ó. Lọ́dọọdún, kí yìnyín tó yọ́, mo máa ń gun Ewúrẹ́ — kẹ̀kẹ́ mi — lọ kí Adìyẹ ní erékùṣù tó wà láàárín adágún. Adìyẹ ni mo ń pe Fedosya, àbúrò mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Adìyẹ pè lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, yìnyín ti ń sán níbí. Ẹ jókòó sílé yín." Ó ní iná ń jó nínú ààrò, ológbò sùn sẹ́sẹ̀ òun.

Ọjọ́rú, 5
Mọ́tò Yefim apẹja kọjá lórí adágún láàárọ̀, ó padà nírọ̀lẹ́, ẹja kún ẹ̀yìn rẹ̀. Yìnyín tó gbé mọ́tò, èmi ni kò ní gbé?

Ọjọ́bọ̀, 6
Tasya ní táyà Ewúrẹ́ ti jò. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Kò jò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo lọ. Mò ń tẹ̀ lé àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ yìnyín láti fi ọ̀nà hàn. Ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ táyà kó má baà yọ̀ ń họ yìnyín. Afẹ́fẹ́ gbé mi ṣubú, ìbàdí ni mo fi balẹ̀. Mo dìde. Ta ni mo fẹ́ ké pè?
Mo débẹ̀ — kò sí èéfín lórí ilé. Àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ó ti kú.
Marfa aládùúgbò rẹ̀ yọjú. "Fedosya kẹ̀? Ó ti wà ní ìlú Tartu lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ látìgbà ìkórè àlùbọ́sà. Ilé tí wọ́n kàn ń tẹ bọ́tìnnì, tó fi ń móoru. Àbí wọn ò sọ fún yín ni?"
Ìgbà ìkórè yẹn náà ni Savva ọmọ mi wá láti mú mi lọ sí Tartu, tí mo ní n ò lọ. Èmi àti Adìyẹ ti búra lẹ́yìn tí àwọn ọkọ wa kú: kò sẹ́ni tó máa fi ẹnì kejì sílẹ̀ létí adágún yìí. Savva ti fi yàrá tó yẹ kí n gbé fún ẹlòmíràn.
Mo fún Marfa ní búrẹ́dì tí mo gbé wá. Mo gun kẹ̀kẹ́ padà.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo pè é. Mo ní, "Fedosya, mo dé ilé rẹ lánàá." Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òtútù ni." Mo ní ṣé òtútù kì í mú èmi ni. Mo pa fóònù.
Mo bi Tasya ta ló mọ̀. Ó ní Adìyẹ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ. Yefim mọ̀. Savva mọ̀. Mo ní ìwọ ńkọ́?
Bírò dúró.
Mo ní kó kọ ọ́, kó sì kà á sókè kí n gbọ́.
Tasya mọ̀.